Mìlímítà Méjìlá

Odẹ́sà, ilẹ̀ Sofiẹ́tì
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìn-ín-ní, 1983

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín nínú yìnyín. Ẹ kú ọdún tuntun. Ẹ bá mi kí Màmá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ṣòkòtò méjì ni mò ń wọ̀ sábẹ́ yẹ̀rì, kí ọkàn wọn lè balẹ̀.

Lẹ́tà tí Màmá ní kí wọ́n bá àwọn kọ lóṣù kọkànlá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Ẹkún òjò ló kún inú rẹ̀. Òjò kọ̀, àgbàdo gbẹ, kànga gbẹ, àwọn obìnrin ọjà Tókpá ń jà lórí kòrobá omi. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbí. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì wa bi mí bóyá yanrìn ni àwa máa ń fi wẹ̀, torí pé aṣálẹ̀ ni gbogbo Áfíríkà lójú tirẹ̀. Inú bí mi. Mo fà á lápá lọ síwájú tábìlì ńlá, bébà nọ́mbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tí wọ́n kọ òjò ọdún kan ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí. Bẹ̀nẹ̀: ẹgbẹ̀rún mìlímítà ó lé díẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ti gbogbo ayé wà, ilẹ̀ àti òkun, tí wọ́n ṣírò pọ̀ tí wọ́n sì pín dọ́gba: nǹkan bí ẹgbẹ̀rún náà ni. Odẹ́sà tiwọn kò tó ìdajì tiwa.

Nítorí náà, ẹ dákun, ẹ bá mi pẹ̀tù sí Màmá nínú. Òjò tiwa kò kéré sí ti ayé. Bóyá àwa gan-an ni a kò mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ fi ata gígún ránṣẹ́ sí mi. Ẹ sì bá mi da ìwé òjò yín kọ, gbogbo rẹ̀ láti 1956, torí mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo ti sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n mi pé kò sí ìwé tó mọ́ tó o ní gbogbo etí òkun wa.

Ọmọ yín,
Ìbíjọkẹ́


Akpákpá, Kútọnu
Ogúnjọ́ oṣù kejì, 1983

Ìbíjọkẹ́, ọmọ mi,

Òtútù kò ní rí ọ gbé ṣe. Ata rẹ ti wà lọ́nà. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló gún un, ó sì sín láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Mo ka lẹ́tà rẹ síta. O mọ àṣà wa, lẹ́tà tó bá ti òkèèrè wá kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí ìpàdé àwọn òbí ilé-ìwé fẹ́ tú, mo dìde lábẹ́ igi máńgòrò, mo wọ awò ojú, mo kà á látòkè délẹ̀, títí kan ṣòkòtò méjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kámáràdì Rigobert, alága ìgbìmọ̀ Ìyípadà tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní àdúgbò wa, sọ pé irú ọmọ tí Ìyípadà ń fẹ́ nìyí. Ó ní kí n yá òun ní lẹ́tà náà kí òun dà á kọ. Mo fún un. Kí n má purọ́, orí mi wú.

Ṣùgbọ́n èmi pẹ̀lú rẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Tí èmi bá jẹ àkàsà mẹ́rin, tí ìwọ kò rí ẹyọ kan jẹ, tábìlì ara ògiri yín á kọ ọ́ pé méjì méjì ni a jẹ. Ṣé ìyẹn ni ìwọ ó fi sùn? Láti ọdún 1956 ni mo ti ń ṣí òṣùwọ̀n òjò ilé-ìwé yìí ní agogo méje àárọ̀, kí n tó kọ́ ọmọ kankan ní á-bí-dí. N kò tíì rí ọjọ́ kan tí òjò gbogbo ayé rọ̀ sínú rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, ohun tí mo máa ń rí níbẹ̀ tó mìlímítà 280. Lọ́dún tó kọjá, 64 ni mo rí. Àgbàdo kò mọ ìpíndọ́gba. Omi tó bá kan gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

O rántí oko ilé-ìwé, èyí tí wọ́n ní kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa dá láti ìgbà Ìyípadà. Rigobert ti ṣèlérí ogójì àpò àgbàdo fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní dísítíríìkì. Àpò méjì ló jáde. Mùílíù, ọlọ́dẹ ilé-ìwé wa, tó ń bójú tó oko náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ń béèrè ìgbà tí wàá padà wálé, ó ní òun kò tún lè gbé ọ sí èjìká mọ́, àfi kí ìwọ gbé òun.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwé náà kọ. Ọwọ́ mi kò yá bíi tàtijọ́, ní sùúrù.

Bàbá rẹ


Akpákpá, Kútọnu
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, 1983

Ìbíjọkẹ́,

N kò dúró de èsì rẹ kí n tó kọ èyí. Wọ́n ti mú Mùílíù. Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí tó ti wà ní àgọ́ àwọn agbófinró. Wọ́n ní ó ba iṣẹ́ Ìyípadà jẹ́. Wọ́n ní ó fi oko sílẹ̀ kí àgbàdo lè kú, àti pé ọ̀tá àwọn ará ìlú ni. Mùílíù tó máa ń ru omi láti kànga wá fi wọ́n ẹsẹ̀ àgbàdo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kànga fi gbẹ.

Ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi mú un? Lẹ́tà rẹ. Rigobert tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ, ó so ó mọ́ ẹ̀sùn. Ó fi gègé pupa fàlà sábẹ́ ibi tí o ti sọ pé òjò wa kò kéré sí ti ayé. Ó fàlà méjì sábẹ́ "bóyá àwa gan-an ni a kò mọ̀ ọ́n lò". Ó ní ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ òjò nílẹ̀ Sofiẹ́tì ló wí bẹ́ẹ̀. Tí òjò bá tó, ta ló pa àgbàdo?

Mo gbé ìwé mi lọ bá a. Kò tilẹ̀ ṣí i. Ó ti bébà kan sí mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé òjò àkókò náà rọ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní 64 kì í ṣe bó ṣe yẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n rántí pé ìjọba ló ń san búrùsì, owó ilé-ìwé ọmọ mi. Mo dìde. Mo ní ìjọba ló ń san án lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i. N kò fọwọ́ sí i, n kò sì ní fọwọ́ sí i.

Inú ń bí mi sí ọ. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. O jókòó sínú yìnyín, o kọ "àwa" bí ẹni tó gbé ọkọ́ dání pẹ̀lú wa. Ẹni tí kò bá Mùílíù ru omi kò gbọdọ̀ sọ pé a kò mọ omi lò. Inú ń bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹnu èmi yìí ló kà á síta.

Ìyàwó Mùílíù ń gbé oúnjẹ lọ fún un lójoojúmọ́. Ìyá rẹ ń bá a lọ. Kọ̀wé kíá.

Bàbá rẹ


Odẹ́sà
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, 1983

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun tí ẹ yẹ́ mi sí. Lẹ́tà yín ti oṣù kejì dé, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lórí ọ̀rọ̀ àkàsà. Mo sọ ọ́ ní kíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní kí n wá kọ́ni dípò òun.

Ata kò tíì dé. Bóyá àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lójú ọ̀nà ń sín lọ́wọ́.

Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Kámáràdì Rigobert. Ó dùn mọ́ mi pé lẹ́tà mi wúlò fún un. Tí ó bá tún fẹ́ àlàyé mìíràn nípa òjò ayé, kí ó má tijú, kí ó béèrè. Ẹ sọ fún Mùílíù pé èjìká mi ti ń le, mo ti ń gbaradì láti gbé e.

Ìbíjọkẹ́ yín


Odẹ́sà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún, 1983

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìkúnlẹ̀ nìkan. Lẹ́tà yín ti oṣù kẹrin tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Nígbà tí mo rántí ohun tí mo kọ ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, pé kí ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Rigobert, ojú tì mí gan-an. Ẹ ti bá mi wí, ìbáwí náà sì tọ́. "Àwa" tí mo kọ yẹn, ẹnu mi kò tó o.

Bí ẹ ṣe ka lẹ́tà àkọ́kọ́ síta, ẹ ka ewé yìí náà síta, lójú Rigobert àti lójú ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í.

Èmi, Ìbíjọkẹ́ Adéníjì, ni mo kọ lẹ́tà tí wọ́n fàlà pupa sí. Nọ́mbà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó fi nọ́mbà náà ti Mùílíù mọ́lé ló ń purọ́. Ẹgbẹ̀rún mìlímítà tí mo kọ jẹ́ ti gbogbo ilẹ̀ wa, láti òkun dé odò Náíjà, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣírò. Ọdún tí omi wọ ilé wà nínú rẹ̀, ọdún tí kànga gbẹ náà wà nínú rẹ̀. Kò lè sọ ohun tó rọ̀ sẹ́yìn ilé-ìwé kan ní Akpákpá láàárín oṣù mẹ́ta. Ìwé kan ṣoṣo ló lè sọ ọ́, ìwé bàbá mi ni, 64 ló sì wà níbẹ̀. Kò sí olùkọ́ ìmọ̀ òjò kan ní ilẹ̀ Sofiẹ́tì tó máa gba tábìlì ara ògiri gbọ́ ju ìwé ẹni tó ṣí òṣùwọ̀n náà lójúmọ́. Mo bi ọ̀jọ̀gbọ́n mi. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó wà nínú àpòòwé yìí.

Tí wọ́n bá tìtorí ọ̀rọ̀ yìí gba búrùsì mi, kí wọ́n gbà á. Màmá á kọ́ mi ní òwò bọ́tìnnì tí wọ́n ń ṣe ní Tókpá. Ìjọba ní kí á máa fi "Ìjà ń bá a lọ" parí lẹ́tà. Ó dára. Ìjà ń bá a lọ.

Ìbíjọkẹ́

(Ewé kejì)

Bàbá, ẹ má ka èyí síta. Ti ẹ̀yin nìkan ni.

Ọdún 1970, oṣù kẹjọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Ẹ ti ṣèlérí pé òjò tó bá tún rọ̀, èmi ni màá fi ọwọ́ ara mi kọ nọ́mbà rẹ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ kan, òdo. Ọjọ́ kejì, òdo. Ó di ọ̀sẹ̀ kan. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà ní Pobẹ̀, tí n kò ní padà títí ọdún yóò fi yípo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù náà, kí ẹ tó jí, mo bu igbá omi kan nínú ìkòkò, mo dà á sínú òṣùwọ̀n. Ẹ dé, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé gègé fún mi. Mo kọ 12.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń gbé e kiri. Mo rò pé nǹkan ọmọdé ni. Ní báyìí, ìwé yẹn ni Mùílíù fẹ́ fi jáde. Tí wọ́n bá bi yín bóyá irọ́ wà nínú rẹ̀, tí ẹ sì búra pé kò sí, èmi ni mo mú yín búra èké. N kò lè jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ láìsọ fún yín. Ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín.


Akpákpá, Kútọnu
Ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, 1983

Ìbíjọkẹ́, ọmọ mi,

Mùílíù wà nílé. Jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí o lè jókòó dáadáa ka èyí tó kù. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò rù.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kan péré ṣáájú ìjókòó tí wọ́n pè lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú kíláàsì ńlá ni wọ́n ṣe é. Ọ̀gá kan ti dísítíríìkì wá, obìnrin ni, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Rigobert jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì. Wọ́n mú Mùílíù wọlé láìní bàtà. Ìyá rẹ àti àwọn obìnrin Tókpá ẹgbẹ́ rẹ̀ tò sí ẹnu fèrèsé, wọn kò ta ọjà lọ́jọ́ náà.

Mo ka ewé àkọ́kọ́ rẹ síta. Mo kà á sókè débi pé dírẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé wa, ní kí n rọra. Mo ní n kò ní rọra. Nígbà tí mo dé ibi búrùsì, ìyá rẹ gbá fèrèsé lẹ́ẹ̀mejì, n kò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i ni tàbí inú rẹ̀ dùn. Mo gbé ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ kalẹ̀. Mo gbé ìwé òjò mi lé e lórí.

Nígbà náà ni Rigobert bi mí ní ohun tí o ń bẹ̀rù. Ó ní, "Kámáràdì olùkọ́, ṣé ẹ lè búra pé irọ́ kankan kò sí nínú ìwé yìí, láti ọjọ́ tí ẹ ti ń kọ ọ́?"

Ewé kejì rẹ wà lápò mi. O ní kí n má kà á síta. Ọmọ mi, mo kọtí ikún sí ọ. Mo yọ ọ́, mo wọ awò ojú padà, mo kà á látòkè délẹ̀, igbá omi, Pobẹ̀, gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa kò tilẹ̀ tó ogún ọdún.

Lẹ́yìn náà ni mo wá sọ èyí tí ìwọ náà kò mọ̀. Mo mọ̀, Ìbíjọkẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀. Iyanrìn gbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Eruku wà lórí ewé máńgòrò. Omi wà nínú òṣùwọ̀n nìkan, etí yẹ̀rì rẹ sì tutù. Mo sọ fún ara mi pé òjò Kútọnu lè rọ̀ sí apá kan títì kí ó má rọ̀ sí apá kejì, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́. O ti fọ ọwọ́ rẹ mọ́ kí o lè di gègé mú. Mo wo ojú rẹ, n kò lè sọ pé rárá. Èmi ni mo gbé irọ́ yẹn wọ ìwé. Ọmọdé ni ìwọ, iṣẹ́ mi sì ni. Ojú ti ń tì mí láti ìgbà náà, n kò sì rí ẹni sọ fún.

Rigobert rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí mi, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ o. Òpùrọ́ ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ kan, mìlímítà méjìlá, ọdún mẹ́tàlá. Èmi ti mú tèmi jáde níṣojú gbogbo èèyàn. Ìwọ kọ ogójì àpò ránṣẹ́ sí dísítíríìkì kí àgbàdo tó yọ ewé kẹta. Ó yá, mú tìẹ náà jáde."

Obìnrin ọ̀gá náà ní kí n ṣí ìwé sí oṣù kẹsàn-án, ọdún tó kọjá. Ó fi ìka tọ àwọn òdo náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ewé kan, ewé kejì, ewé kẹta. Ó bi Mùílíù iye ìgbà tó ru omi lójúmọ́. Mùílíù ní òun kò kà á, olùkọ́ ni ẹni tó ń ka nǹkan. Ọ̀gá náà pa ìwé dé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n dá Mùílíù sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí ó wá gba bàtà rẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ òṣùwọ̀n lọ́wọ́ mi. Dírẹ́tọ̀ ní ẹni tó jẹ́wọ́ irọ́ kò lè máa ka òjò ìjọba mọ́. N kò jiyàn, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó Rigobert, ẹni tí kì í jí kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Búrùsì rẹ, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tí ìwé bá dé pé wọ́n ti gbà á, má bẹ ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ ti ya bọ́tìnnì tìrẹ sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n òjò kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Mùílíù bá mi wá agolo tòmátò ńlá kan ní Tókpá, ẹnu rẹ̀ gún régé. A rì í mọ́ àárín àgbàlá wa, níbi tí igi kankan kò bò. Mo fi rúlà ilé-ìwé wọ̀n ọ́n. Mo ra ìwé tuntun. Ní agogo méje, Mùílíù á kọ́kọ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ bóyá ó tutù, kí èmi tó wo inú agolo. Òun ló gbé òfin yẹn kalẹ̀, ó ní òun kò fọkàn tán mi. Lánàá, 3. Lónìí, òdo. Bí mo ṣe rí i ni mo kọ ọ́.

Àdàkọ tí o béèrè wà nínú ẹrù yìí, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n pé pérépéré. Ìyá rẹ tún gún ata, ó sì tún sín. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ, 1970, wàá rí i pé mo fàlà sórí nọ́mbà rẹ, mo kọ òdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. N kò pa á rẹ́, torí ọwọ́ rẹ ni, o sì kọ ọ́ dáadáa. Mo ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń gba ìwé òjò, pé kí wọ́n yọ méjìlá kúrò nínú ọdún náà.

Ìpíndọ́gba ilẹ̀ wa á dín díẹ̀, ti gbogbo ayé náà á sì dín. Lọ sí iwájú tábìlì ara ògiri yẹn, kí o sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ pé kí ó tún un ṣe. Tí ó bá béèrè ìdí, sọ fún un pé ọmọ mi fẹ́ kọ nọ́mbà, èmi ni mo sì gbé gègé fún un.

Bàbá rẹ